Àtẹ̀jáde Ìpàdé Àwa Olùkọ́ni Sọ́fútbọ́ọ̀lù: Ẹsẹ̀ Ni Kí Á Kọ́kọ́ Kọ́ Ọmọ Tó Ń Hán Bọ́ọ̀lù

Àwa olùkọ́ni tí a jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí a ń kọ́ àwọn ọmọdébìnrin ní sọ́fútbọ́ọ̀lù ní agbègbè Houston, ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba gbogbo ọjọ́ náà mọ́ wa lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣe catcher, ìyẹn ọmọ tó máa ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó di igi mú, tó ń hán bọ́ọ̀lù tí pitcher bá jù. Lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn, a gbà pé àwa gan-an la ṣì wọ́n lọ́nà. Apá wọn là ń pariwo lé lórí ṣáá, a ò sì wo ẹsẹ̀ wọn.

Láti béèsì kan sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 60 ni. Ṣùgbọ́n bí catcher bá fẹ́ dá asáré tó ń sá lọ sí béèsì kejì dúró, kì í ju bọ́ọ̀lù gba etí pápá. Àárín pápá gbọnrangandan ni yóò jù ú gbà dé béèsì kejì, ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 85. Òfin kò gba asáré láyè láti fi béèsì rẹ̀ sílẹ̀ àfi bí bọ́ọ̀lù bá kúrò lọ́wọ́ pitcher, àmọ́ bó bá ti kúrò báyìí, asáré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lè dé béèsì kejì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3. Nínú àáyá 3 yẹn náà ni bọ́ọ̀lù yóò ti dé ọwọ́ ọmọ wa, tí yóò dìde, tí yóò jù ú. Àwọn catcher yunifásítì tó dáńtọ́ máa ń fi nǹkan bí àáyá 1.8 ṣe tiwọn, láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kan ìbọ̀wọ́ wọn títí yóò fi kan ìbọ̀wọ́ ẹni tó ń dúró dè é ní béèsì kejì. Àwọn ọmọ tiwa ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń wá ibi tí wọn yóò gbẹ́sẹ̀ sí.

A fojú ara wa rí i. Ọmọ ọdún 11 kan, ọmọ ọ̀kan nínú wa, gbé gbogbo ìhámọ́ra rẹ̀ wọ̀, a sì fi ẹfun kun ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ lórí kọnkéré ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó ju bọ́ọ̀lù márùn-ún. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnu yà wá. Ibi tó yẹ kí a ti rí ipa méjì, márùn-ún ló wà níbẹ̀ nígbà mìíràn. Ó ń fò sókè kó tó gbéra, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ń balẹ̀ sí apá béèsì kẹta. Abájọ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ fi ń yà sọ́tùn-ún ní gbogbo ìgbà! Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí a ti ń sọ fún ọmọ yìí pé kó fi agbára kún apá rẹ̀.

Bí a ṣe fẹ́ kó rí nìyí fún ọmọ tó ń fọwọ́ ọ̀tún ju bọ́ọ̀lù. Bí asáré bá ti wà ní béèsì, kó má lóṣòó dé ilẹ̀ mọ́. Kó gbé ìdí sókè díẹ̀, kó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀, kí ara rẹ̀ sì wà lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣe ń wọ inú ìbọ̀wọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò bọ́ sábẹ́ ikùn rẹ̀, níbi tí tòsì wà tẹ́lẹ̀, yóò sì dábùú, kí èjìká òsì lè kọjú sí béèsì kejì. Ìgbà yẹn ni tòsì yóò tó na tààrà síbi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Orí kò gbọdọ̀ fò sókè. Ìbọ̀wọ́ ni yóò gbé bọ́ọ̀lù wá bá ọwọ́ ọ̀tún lẹ́bàá etí.

Ẹni tó bá ti sọ òkò sí máńgòrò rí mọ ohun tí à ń wí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé nílé, kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ kí òkò òun dé òkè téńté á fẹ̀gbẹ́ kọ igi, á fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ dáadáa, á na tòsì síwájú, kí ọwọ́ tó jù. Àwọn ọmọ wa níbí ò sọ òkò máńgòrò rí, àwa la ó fi hàn wọ́n.

Ohùn wa ò ṣọ̀kan lórí gbogbo rẹ̀. Àwọn kan nínú wa gbà pé kí ọmọ tí apá rẹ̀ lágbára kàn fi ara tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún níbi tó wà, kó má pààrọ̀ ẹsẹ̀ rárá. A fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ti lé ní ọdún 14. Ní ti béèsì kẹta, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù bá dí ojú ọ̀nà, kí ọmọ fa ẹsẹ̀ ọ̀tún gba ẹ̀yìn tòsì, kó sì ju bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn ẹni náà.

A pinnu pé fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ nìkan ni wọn yóò máa gbé, láìsí bọ́ọ̀lù, lórí ilà tí a bá fẹfun fà. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ bàtà 35, kó tó di 60, kó tó wá di ti béèsì kejì. Bí bọ́ọ̀lù bá ta lẹ́ẹ̀kan kó tó débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Èyí tó wà nílẹ̀ sàn ju èyí tó fò kọjá lórí ẹni lọ. A ò ní fi aago díwọ̀n wọn títí oṣù kan yóò fi pé. A sì fòfin de jíju bọ́ọ̀lù lórí ìkúnlẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14. Sọ́fútbọ́ọ̀lù ń padà bọ̀ wá sí Òlíḿpíìkì lọ́dún 2028, Oklahoma City ni wọn yóò sì ti gbá a. Àwọn ọmọ yóò rí àwọn àgbà tó ń kúnlẹ̀ jù ú, wọn yóò fẹ́ ṣe bíi tiwọn. Èjìká ọmọdé tí ẹsẹ̀ kò bá ràn lọ́wọ́ ló máa ń jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, a bẹ̀ yín, ẹ dẹ́kun kíkígbe “Jù ú! Jù ú!” létí pápá. Ọmọ tó bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ á jù ú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀. Bí ọmọ bá sọ pé èjìká tàbí ìgbọ̀nwọ́ ń dun òun, ẹ sọ fún wa lọ́jọ́ náà gan-an, kí a lè fún un ní ìsinmi.

Ìdánrawò ẹsẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ bàtà tó ń wọ̀ sí pápá. A ó mú ẹfun wá.

Akọ̀wé, fún gbogbo ẹgbẹ́