Dúrọ́ọ̀ ẹ̀yìn jíìpù: ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á

1/ Ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé fọ́tò dúrọ́ọ̀ ẹ̀yìn jíìpù wa síbí, ẹnì kan á ṣáà sọ pé: "Ra ti òyìnbó jàre, káfíńtà Adó ò lè ṣe nǹkan gidi." Mi ò gbà. Káfíńtà wa kọ́ ni ìṣòro. Bí àwa oníbàárà ṣe ń gbé iṣẹ́ fún wọn ni ìṣòro.

2/ Fún ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ: àpótí pẹrẹsẹ ni, wọ́n á kàn án mọ́ inú búùtù, á ní ojú kan tàbí méjì tí èèyàn ń fà jáde bíi ti tábìlì ọ́fíìsì. Irinṣẹ́, oúnjẹ, kámẹ́rà, inú ẹ̀ ni gbogbo wọn á wà. Ẹ tún lè tẹ́ ẹní sórí ẹ̀ kí ẹ sùn. Àwọn ará Ọsirélíà wà lára àwọn tó sọ ọ́ di òwò ńlá. ARB, tí Anthony Ronald Brown dá sílẹ̀ ní Melbourne lọ́dún 1975, ń ṣe é tà káàkiri ayé.

3/ Kí ló kàn mí níbẹ̀? Fídíò ni iṣẹ́ mi. Jíìpù àtijọ́ ẹ̀gbọ́n mi la fi ń rìn: lónìí Ìkọ̀gòsì, lọ́la Ẹ̀fọ̀n, lọ́túnla abúlé kan tí ọ̀nà ẹ̀ jẹ́ kìkì erùpẹ̀ pupa àti kòtò. Tẹ́lẹ̀, ṣe la máa ń da ẹrù sínú búùtù bó bá ṣe bọ́ sí. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí a kọjá Àrámọ̀kọ̀, ewúrẹ́ já wọ títì, ẹ̀gbọ́n mi tẹ búréèkì. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé fò láti ẹ̀yìn, ó gbá ọ̀rẹ́ mi lórí. Ojú mẹ́rin ni wọ́n fi rán ọgbẹ́ náà. Ewúrẹ́ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

4/ Búréèkì lásán nìyẹn o. Ẹ wo ìṣirò ti ìjàǹbá gan-an. Bí ọkọ̀ tó ń sáré 50 kílómítà ní wákàtí kan bá kọlu igi, tó sì dúró pátá láàárín ìdajì mítà, agbára tí a nílò láti dá ẹrù inú ẹ̀ dúró á tó nǹkan bí ìlọ́po 20 ìwọ̀n ẹrù náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wọn 20 kílò á wá dà bí 400 kílò. Ẹ̀yìn orí ta ló máa dá a dúró? Ìdí nìyí tí mi ò fi ka dúrọ́ọ̀ sí fáàrí.

5/ Ó yá, a ní ká ṣe é. Kí lèmi ọ̀mọ̀wé ṣe? Mo fi fọ́tò kan láti orí Instagram han káfíńtà kan. Ó dá iye tó máa gbà, mo ní kó gba ìdajì. Mi ò gbé ọkọ̀ lọ bá a, orí fóònù ni mo ti pe ìwọ̀n fún un. Mi ò sọ bí ẹrù wa ṣe wúwo tó. Òun náà ò béèrè.

6/ Ẹ gbọ́ àbájáde. Ìṣó lásán ló fi kan gbogbo ẹ̀, kò sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Bí a ṣe ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, dúrọ́ọ̀ yọ jáde fúnra ẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀kùn búùtù, gbà! gbà! Nígbà tí a dúró wò ó, ìdí ẹ̀ ti jábọ́, ìrẹsì ti fọ́n ká. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbé ọkùnrin náà sórí ayélujára. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní: "Owó tí o san yẹn, ṣé owó dúrọ́ọ̀ ni àbí owó àpótí tòmátò?"

7/ Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun, àmọ́ òótọ́ ni. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Nígbà tí mo gé owó sí méjì, pákó àti gọ́ọ̀mù ló gé kúrò kó lè rí tiẹ̀ jẹ níbẹ̀. Kò sọ fún mi, ìyẹn ò dáa. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ṣeré.

8/ Ẹlẹ́ẹ̀kejì, a lọ bá bàbá àgbàlagbà kan. Mo yọ fóònù, bàbá ní, "Fi fọ́tò yẹn sápò, ọmọ mi. Gbé ọkọ̀ wá, kó ẹrù tí o máa kó sínú ẹ̀ wá." Ẹrù ló kọ́kọ́ wọ̀n, kó tó wọn ọkọ̀. Ó gé páálí, ó tò ó sínú búùtù, ó pa ilẹ̀kùn dé láti mọ̀ bóyá á kan nǹkan. Páálí nìkan gba odindi ìrọ̀lẹ́ kan. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀gá ni mo bá pàdé.

9/ Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ bàbá rèé, ẹ fi pamọ́:
– Ibi tí búùtù ti fún jù, láàárín ojú táyà méjèèjì, ni kí ẹ wọ̀n.
– Plywood 18 mílímítà fún ara àpótí, 12 fún dúrọ́ọ̀ fúnra ẹ̀. Èyí tí omi kì í tètè bàjẹ́ ni kí ẹ rà.
– Kí wọ́n la ojú fún pákó ìdí dúrọ́ọ̀ kó wọnú ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe kí wọ́n kàn án láti ìsàlẹ̀.
– Gọ́ọ̀mù àti sikírù. Ìṣó nìkan ò tó.

10/ – Réèlì tí dúrọ́ọ̀ ń gùn: wọ́n máa ń kọ kílò tí méjì ẹ̀ lè gbé sára páálí. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń lò nínú ilé ò ju 45 kílò lọ. Èyí tí wọ́n ń kàn sí ẹ̀gbẹ́ sábà máa ń gba ààyè ìdajì ínǹṣì lọ́tùn-ún lósì.
– Kọ́kọ́rọ́ tó ń di dúrọ́ọ̀ mú pọn dandan. Ẹ rántí òkè Ẹ̀fọ̀n.
– Bóòtì ni kí wọ́n fi de àpótí mọ́ ojú irin tí ọkọ̀ bá wá fún dídè, kì í ṣe okùn. Kí wọ́n tó lu ihò kankan, kí wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀ ná: táǹkì epo àti páìpù búréèkì wà níbẹ̀.
– Ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀, nítòsí àga. Kẹ́ẹ̀gì epo àti gáàsì ò gbọ́dọ̀ wọnú dúrọ́ọ̀ rárá.

11/ Ẹ má rò pé mò ń tajà. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló yẹ. Odindi plywood 18 mílímítà kan, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, lè tó 30 kílò. Ẹ lo méjì, ẹ ti gbé èrò kan tí kò sanwó nìyẹn, epo á sì mọ̀ ọ́n lára. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń fi àga ẹ̀yìn gbé ọmọ lọ sílé ìwé, ẹ fi ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀ sílẹ̀, ẹ wá okùn gidi so ẹrù yín.

12/ Mi ò sì ní ti òyìnbó ò dáa. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí réèlì ẹ̀ bá ṣẹ́ lójú ọ̀nà, ta ló ní irú ẹ̀ l'Ádòó? Tiwa, tí ohun kan bá yẹ̀, a padà sọ́dọ̀ bàbá, ó fi ìfági fá a díẹ̀, ó parí.

13/ Ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ ni mo máa ń rántí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn British Museum rí i, wọ́n láwọn fẹ́ ẹ. Ògògà ò tà á lówó. Àga ọba tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ni wọ́n fi pààrọ̀ ẹ̀, ìlẹ̀kùn sì wà lọ́dọ̀ wọn títí dòní. Ẹ wò ó: òyìnbó ń ṣàfẹ́rí pákó tí ọmọ Èkìtì gbẹ́, àwa ń ṣàfẹ́rí àga tiwọn. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá, a ṣì wà níbẹ̀.

14/ Bàbá ò ní ọmọ iṣẹ́ kankan mọ́. Méjì tó ní kẹ́yìn ti lọ gun ọ̀kadà. Ó ní òun ò bá wọn jà, torí àwọn oníbàárà ń san owó àpótí tòmátò fún iṣẹ́ ọ̀gá. Bí a bá ń bá a lọ báyìí, a máa wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń la ojú pákó, a ò ní rí i. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ "káfíńtà Adó ò lè ṣe é" á wá di òótọ́, ọwọ́ wa la sì fi ṣe é.

15/ Nítorí náà, ẹ̀yin tèmi: ẹ gbé ọkọ̀ lọ, ẹ kó ẹrù lọ, ẹ sọ kílò, ẹ san owó iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá wá bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pè mí, ma bá yín bínú.

Irin kámẹ́rà yẹn ti wà nínú dúrọ́ọ̀ apá òsì báyìí, kọ́kọ́rọ́ wà lójú ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, tó ti búra pé òun ò ní jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ wa mọ́, ti padà síbẹ̀. Sùn ló tún máa ń sùn.