Ẹ Má Fo Àkọlé: Ìwé Ìmọ̀ Kì í Ṣe Àlọ́

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún orúkọ, èé ti ṣe tí a kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wo ìwé kí wọ́n tó kà á? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ, bí ó tilẹ̀ lè dun àwọn kan nínú wa. Mo ní ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àwọn ọmọ ní àkàyé Yorùbá kò tọ́, nítorí pé gbogbo ìwé ni a sọ di àlọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó bínú, ara mi ni n ó kọ́kọ́ fi sùn. Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní kíláàsì kẹrin ilé-ẹ̀kọ́ kan, àyọkà lórí ẹ̀fọn ni mo kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ. Àyọkà náà ní àkọlé kéékèèké mẹ́ta: ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí, bí ẹ̀fọn ṣe ń dàgbà, àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí ó fi hàn bí ẹyin ṣe ń di ìdin nínú omi, tí ìdin ń pa ara dà, títí yóò fi hu ìyẹ́ tí yóò sì fò lọ. Mo ní, "Ẹ fi àwòrán sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kà." Wọ́n kà á ketekete, ohùn wọn dùn bí fèrè. Olùkọ́ tí ó wá wo iṣẹ́ mi yìn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí, kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn náà wà lábẹ́ àkọlé kìn-ín-ní gan-an. Ọmọkùnrin kan wá na ìka sí àwọn ọfà inú àwòrán, ó ní, "Tíṣà, ta ni ó ń ta ẹ̀fọn lọ́fà?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi. Ọmọ náà kò gọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé ọfà inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í pa nǹkan. Ọ̀nà ni ó ń júwe: èyí di èyí, èyí di tọ̀hún. Èmi tí ó yẹ kí n sọ fún un ni mo ní kí ó fi àwòrán sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a la ọ̀rọ̀ náà yékéyéké. Àlọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Ẹni tí ó bá fo àárín rẹ̀ kò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìmọ̀, irú èyí tí ó ń sọ nípa ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí ìlú àti ènìyàn, dà bí ọjà. Ẹni tí ó fẹ́ ra ata kì í ti ìsọ̀ aláṣọ bẹ̀rẹ̀. Àkóónú tí ó wà ní iwájú ìwé ni ó ń sọ ohun tí wọ́n ń tà nínú ọjà náà. Àkọlé kéékèèké ni orúkọ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ní dúdú kirikiri ni ọjà tí olówó rẹ̀ gbé síwájú kí a lè rí i. Àlàyé abẹ́ àwòrán ń sọ ohun tí ojú lásán kò lè mọ̀. Àtẹ ń kó iye jọ sí ojú kan, atọ́ka tí ó wà lẹ́yìn ìwé sì ń mú wa lọ tààrà sí ojú-ewé tí a ń wá. Ọmọ tí kò mọ nǹkan wọ̀nyí yóò rìn nínú ọjà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, yóò sì padà sílé pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti sáyẹ́ǹsì ni èyí, pé àlọ́, òwe àti àṣà ni ti Yorùbá. Èmi kò gbà. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe aṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ, wọ́n sì ṣe ìwé fún un. Ta ni yóò wá sọ pé Yorùbá kò lè gbé ìwé ìmọ̀? Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ni fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Nítorí náà, àkókò Yorùbá díẹ̀ tí ó kù wá lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti àlọ́ nìkan.

Àwọn mìíràn yóò ní ohun àjèjì ni atọ́ka. Ọdún 1843 ni Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ó sì tò wọ́n ní ìtẹ̀lé lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ kíláàsì karùn-ún ibi tí yóò ti wá "gbẹ̀gìrì" nínú ìwé bẹ́ẹ̀ lónìí. Àárín G ni yóò máa wá a, kò mọ̀ pé GB dá dúró lẹ́yìn G, bí Ẹ ti dá dúró lẹ́yìn E, Ọ lẹ́yìn O, Ṣ lẹ́yìn S. Ó mọ A, B, D lórin, kò mọ ohun tí a ń fi lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ṣe.

Ẹ̀wẹ̀, wọ́n á ní ìwé kò tó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pátákó ìkọ̀wé ń bẹ. Nígbà tí mo tún padà sí kíláàsì yẹn, àkọlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ni mo kọ sí ojú pátákó. Mo ní kí àwọn ọmọ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìbéèrè, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rò pé wọn yóò bá lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a tẹ̀lé ọfà inú àwòrán, kí a tó ka ọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó yé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó nawọ́ sókè lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ ọlọ́fà yẹn ni ó sì ṣàlàyé àwòrán fún àwọn yòókù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan ni èyí. Ìyá tí kò kàwé a máa na bébà inú páálí oògùn sí ọmọ rẹ̀ pé, "Bá mi kà á." Inú àtẹ ni iye ṣíbí wà: ti ọmọ ọdún kan yàtọ̀, ti ọmọ ọdún mẹ́fà yàtọ̀. Bí ọmọ bá ṣi ìlà kan mú, àbúrò lè mu ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú tí ó ti mọ àtẹ ní èdè ìyá rẹ̀ kì í tètè ṣì í mú ní èdè mìíràn.

Ohun tí mo ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ. Kí àyọkà ìmọ̀ máa wọlé sí kíláàsì bí ìtàn ti ń wọlé. Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kan ka ìlà kìn-ín-ní kí ó tó wo àkọlé àti àwòrán. Kí àwọn tí ń kọ́ wa níṣẹ́ sì kọ́ wa ní èyí pẹ̀lú, kí wọ́n máa wò ó nígbà tí wọ́n bá wá wo iṣẹ́ wa, kí wọ́n má sì ṣe yin ohùn dídùn nìkan. Fèrè dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n fèrè kò mọ ìtumọ̀ orin tí a fi í kọ. Ẹ má jẹ́ kí a fi àwọn ọmọ wa ṣe fèrè.