Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Ìlú Tí À Ń Gbé

Ọmọkùnrin ọ̀rẹ́ mi kan, tí wọ́n bí sí Maiduguri níhìn-ín, bá àwọn òbí rẹ̀ lọ ṣe ọdún ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Nígbà tí ẹbí péjọ, ìyá bàbá rẹ̀ bi í léèrè pé, "Ọkọ mi, kí ni ó wà ní ìlú tí ẹ̀ ń gbé yẹn?" Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní, "Ìyá àgbà, bọ́ǹbù wà níbẹ̀, oòrùn sì ń mú gan-an." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún mi, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Ìlú tí ọmọ ti la ojú sí ayé, tí ó ti kọ́ ìrìn, tí ó ti mọ ìwé, kò rí ohun rere kan sọ nípa rẹ̀. Ẹ̀bi ọmọ kọ́ o, ẹ̀bi àwa àgbà ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa, ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ wà ní ìpínlẹ̀ Borno àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tí kì í ṣe tiwa. Ọ̀nà mẹ́ta péré ni púpọ̀ nínú wa mọ̀ ní ìlú tí a ń gbé: ọ̀nà ibi iṣẹ́, ọ̀nà ilé ìjọsìn, àti ọ̀nà ibùdókọ̀ tí yóò gbé wa lọ sílé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin ni a ń ṣẹ́ owó jọ kí a lè kó àwọn ọmọ lọ sí Èkó lọ wo etí òkun. N kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ìyẹn, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ohun tí mo ń wí ni pé, ibi tí a ti ń ṣẹ́ owó náà jọ gan-an, etí òkun ni nígbà kan rí.

Èyí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, adágún Chad fẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Yanrìn tí ìgbì rẹ̀ ń gbá jọ sí bèbè ni ó di òkè gbọọrọ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń fi orúkọ Bama pè, tí ó ga tó mítà 12 ní àwọn ibì kan. Orí òkè yanrìn yìí ni Maiduguri jókòó lé, òun náà sì ni ọ̀nà tí ó lọ sí Bama ń tọ̀. Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan tí ó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, kan ọkọ̀ ojú omi nínú ilẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. A kò tíì rí ọkọ̀ tí ó pẹ́ tó o ní gbogbo Áfíríkà. Omi náà ti sá jìnnà sí wa. Ní àwọn ọdún 1960, nǹkan bí 25,000 kìlómítà onígun mẹ́rin ni adágún náà gbà. Ọ̀dá fà á sẹ́yìn débi pé ní àárín àwọn ọdún 1980, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni ó kù. Ọmọ tí a bá mú dé orí yanrìn náà, tí a sì sọ ìtàn yìí fún, kò ní san kọ́bọ̀, kò sì ní gbàgbé.

Kò sí ibi tí ó wọ́n láti dé nínú ìgboro. Láti ìgbà tí ìjọba ti fi òfin de ọ̀kadà ní oṣù Keje ọdún 2011, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó gba ìlú. Ẹ wọ̀ ọ́ dé ààfin Shehu, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin Dandal, òpópónà gbàrànmù tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ààfin àti ọjà ọba nílé wa yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọkàn ìlú ni òun dúró sí. Ọdún 1907 ni Shehu Bukar Garbai kó ìjókòó ọba kúrò ní Kukawa wá síhìn-ín, Yerwa sì ni àwọn Kánúrí ń pe ìlú náà títí di òní. Bí ẹ bá kí àgbàlagbà kan níbẹ̀ pé "wushe wushe", ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ yóò ti tújú ká. Bí oòrùn bá mú, abẹ́ igi dóńgóyárò pọ̀ lẹ́bàá títì, ọ̀fẹ́ sì ni òjìji rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, mo mọ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti lo ọdún mẹ́wàá níhìn-ín láìtọ́ ọbẹ̀ onílé wò. Wọ́n ní àwọn kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ògbufọ̀ ni mí níbi iṣẹ́ ìjọba. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ewé igi osè ni kúkà tí àwọn Haúsá fi ń se ọbẹ̀; lúrú tí àwọn ìyá wa ń sè ní Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin ni. Yàkúwà, ìṣápá ni. Dàwàdáwà, irú ni. Lára ìṣápá pupa náà ni wọ́n ti ń ṣe sóbò. Kí ni ó wá ṣe àjèjì níbẹ̀? Lẹ́yìn èyí, ẹ wá tọ́ brabisko àwọn Kánúrí wò, ọkà tí wọ́n lọ̀ wóróworo, tí wọ́n fi oru omi sè, tí wọ́n sì bu ọbẹ̀ lé. Màsà gbígbóná wà, fùrá àti nónò wà, kílíṣí wà. Ṣé ẹ sì rántí ẹja gbígbẹ tí àwọn ìyá wa ń rà lọ́jà ní Ìbàdàn àti Èkó? Ọ̀pọ̀ rẹ̀, láti adágún Chad ni ó ti ń bọ̀, láti ọwọ́ àwọn apẹja Baga. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún lè jẹ àjẹyó ní ìgboro yìí, kí wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ padà sílé, kí owó wọn má tó owó ọkọ̀ ẹnì kan ṣoṣo lọ sí Ìbàdàn.

Àwọn kan yóò bi mí pé, ṣé ojú mi kò rí ogun ni? Ó rí i. Láti oṣù Keje ọdún 2009 ni ìlú yìí ti ń ru ẹrù náà. Igbó Sambisa, tí àwọn ènìyàn ti ń lọ wo ẹranko láyé àtijọ́, di ibùba àwọn ọlọ́tẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni kó ọmọ gba ọ̀nà Baga tàbí Dikwa lọ wo ìran. Inú ìgboro ni mo ń wí, ní ojúmọmọ, níbi tí èrò wà. Kí a sì máa tẹ́tí sí ìkìlọ̀ àwọn agbófinró. Ṣùgbọ́n àwọn ará Yerwa fúnra wọn kò jẹ́ kí ogun gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́. Iná jó Ọjà Monday ní ọjọ́ 26, oṣù Kejì, ọdún 2023, síbẹ̀ àwọn ọlọ́jà tún pàtẹ.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé yìí ju ìran wíwò lọ. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, odi tí wọ́n fi sé odò ní Alau ya, omi sì bo apá púpọ̀ nínú ìlú. Ó lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kúrò nílé. Ó wọ ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi; àwọn alábòójútó ọgbà náà ní ẹranko tí ó kú níbẹ̀ ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò tíì fojú kàn wọ́n rí kí omi tó dé. Ìdílé Yorùbá kan tí mo mọ̀, tí wọ́n ti gbé nítòsí odò Ngadda fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ, dúró lójúde ní òru ọjọ́ náà, wọn kò mọ apá ibi tí ilẹ̀ ti ga. Aládùúgbò wọn, ọmọ Kánúrí, tí wọn kò bá jẹun pọ̀ rí, ni ó gbé ọmọ wọn tí ó kéré jù kọ́ èjìká, tí ó sì ṣáájú wọn lọ sí orí yanrìn. Ẹni tí ó bá mọ ìlú ní ọ̀sán ni í mọ̀ ọ́n rìn ní òru.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú yìí, àti ní Kano, Jos, Sokoto àti ibi gbogbo, kí wọ́n ya Sátidé kan sọ́tọ̀ lóṣù láti mú àwọn ọmọ ká ìlú, kí wọ́n sì bẹ onílé kan láti ṣáájú wọn. Owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo tó o ṣe fún ọdún kan. Mo sì bẹ ìjọba kí wọ́n máa tọ́jú ọgbà ẹranko fún tálákà, kí wọ́n sì ri pátákó ìtàn mọ́lẹ̀ ní Dandal àti ní orí òkè yanrìn, ní èdè Kánúrí, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì. Bí àyè bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀ fún Yorùbá, n ó túmọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi àti ọmọ rẹ̀ ti bá mi dé Dandal lẹ́ẹ̀kan báyìí. Màsà mẹ́fà ni ọmọ náà jẹ. Ìyá àgbà yóò tún béèrè ìbéèrè rẹ̀ bí ọdún bá yípo. Ẹ jẹ́ kí a rí i pé ọmọ rí nǹkan wí.