Ẹ Jẹ́ Ká Yé Fi iret Bo Àṣìṣe Mọ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kọ kernel kékeré fún iṣẹ́ àṣekágbá ló máa ń fi iret nìkan ṣe handler gbogbo exception, kí iṣẹ́ ṣáà lè máa lọ. N ò fara mọ́ ọn. Bí kóòdù bá fi òdo pín nǹkan lórí x86 tòde òní, àdírẹ́sì àṣẹ tó dá wàhálà sílẹ̀ gan-an ni processor ń gbé sórí stack. iret á dá a padà síbẹ̀, wàhálà á tún ṣẹlẹ̀, títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ti page fault, nọ́ńbà 14, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Processor ń gbé error code lé e lórí, iret kì í sì í kó o kúrò. Òun gan-an ló máa gbà bí àdírẹ́sì ìpadà. Ó lè di triple fault, kí kọ̀ǹpútà tún ara rẹ̀ tàn láìsọ nǹkan kan. Ẹ fi add esp, 4 yọ ọ́ ná. Nọ́ńbà 0 àti 6 kì í ní error code ní tiwọn (ta ló tiẹ̀ ṣètò rẹ̀ báyìí?), torí náà ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ push òdo síbẹ̀, kí stack lè rí bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí handler yín kọ nọ́ńbà exception, EIP àti CR2 sójú skríìnì, kó wá fi cli àti hlt dúró. Ẹ kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ti keyboard rárá.