Sípíkà Aláìlókùn: Ọwọ́ Ta ni Okùn Rẹ̀ Wà?

Bí ènìyàn bá ra ewúrẹ́ lọ́jà, tó sì san owó rẹ̀ pé, ẹni tó tà á gbọ́dọ̀ ju okùn sílẹ̀. Kò sí ọlọ́jà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti di okùn ewúrẹ́ mú fún ọdún mẹ́ta, kó wá fà á jáde ní àgbàlá onílé lóru. Ohun tí kò ṣeé gbọ́ sétí lọ́jà ẹran yìí ni àwọn tó ń ṣe sípíkà ìgbàlódé ń ṣe ní gbangba, tí wọ́n sì ń pè é ní ìlọsíwájú.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, iléeṣẹ́ Sonos ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé áàpù tuntun jáde fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Láti ọdún 2002 tí wọ́n ti dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní California, ìlérí kan ló gbé e ró: kí sípíkà wà ní pálọ̀, kí òmíràn wà ní yàrá, kí òmíràn wà ní ilé ìdáná, kí gbogbo wọn máa kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀kan náà láìsí wáyà láàárín wọn, kí onílé sì máa darí wọn. Ìlérí náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Nígbà tí sípíkà Era 300 dé ọjà lọ́dún 2023, 449 dọ́là ni ẹyọ kan. Ẹni tó bá ra mẹ́rin ti ná nǹkan bí 1,800 dọ́là.

Nígbà tí áàpù tuntun dé, ohun tí owó yìí rà dín kù. Ẹni tó ń lo sípíkà rẹ̀ bí agogo ìtanijí kò rí ibi tí yóò ti yí àkókò padà. Ẹni tó ń fi orin sùn kò rí ibi tí yóò ti pàṣẹ pé kí orin dákẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó kó orin tirẹ̀ jọ sínú kọ̀ǹpútà kò lè wá a bó ṣe ń wá a tẹ́lẹ̀. Sípíkà ń pòórá lójú fóònù, bẹ́ẹ̀ orí tábìlì tó wà lánàá ló ṣì wà. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tí kò ríran. Fóònù wọn a máa ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sí wọn létí, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò tẹ̀. Áàpù tuntun náà kò bá ètò yìí ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹni tó ti ń dá orin rẹ̀ tàn wá di ẹni tó ń bẹ ẹlòmíràn kó tó gbọ́ orin nínú ilé ara rẹ̀.

Àwáwí tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Wi-Fi oníbàárà ni kò dára. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tó le ni kí sípíkà mẹ́rin gbé ohùn kan náà jáde pọ̀. Bí ọ̀kan bá fi ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ sẹ́yìn, etí yóò gbọ́ ọ bí ìgbà tí àpáta bá ń dá ohùn padà. Ògiri a máa dènà, Wi-Fi aládùúgbò a sì máa dí tonílé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ògiri kò yí padà, aládùúgbò kò yí padà, sípíkà kò kúrò ní àyè rẹ̀. Áàpù ló yí padà. Kí ni ẹjọ́ ògiri níbẹ̀?

Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà, Patrick Spence, tọrọ àforíjì ní oṣù Keje. Ní oṣù Kẹjọ, ó sọ pé àtúnṣe yóò ná wọn tó 20 sí 30 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí àwọn oníbàárà ní kí wọ́n dá áàpù àtijọ́ padà, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé kò ṣeé ṣe mọ́, nítorí ètò inú sípíkà fúnra rẹ̀ àti ti sáfà ti yí padà. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kọjá àṣìṣe. Ẹni tó ń kọ́ afárá tuntun kì í dáná sun ti àtijọ́ nígbà tí èrò ṣì wà lórí rẹ̀. Spence fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá áàpù àtijọ́ padà fún ẹnikẹ́ni.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní ọdún 2019, iléeṣẹ́ kan náà ṣèlérí ẹ̀dínwó ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tó bá fẹ́ fi tuntun rọ́pò sípíkà àtijọ́. Kí onítọ̀hún tó rí i gbà, ó ní láti gbà kí sípíkà tó ṣì ń kọrin dáadáa di òkú lẹ́yìn ọjọ́ 21, òkú tí kò ṣeé tà, tí kò sì ṣeé fi tọrẹ. Ariwo pọ̀ kí wọ́n tó pa ètò náà tì ní ọdún 2020. Àforíjì tí ènìyàn ń tọrọ léraléra lórí irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà kì í ṣe àforíjì mọ́, àṣà ni.

Àwọn kan yóò ní àtúnṣe pọn dandan nítorí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n títún kọ́kọ́rọ̀ ilẹ̀kùn ṣe yàtọ̀ sí yíyọ ilẹ̀kùn lọ láìgba àṣẹ onílé. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ṣáájú áàpù náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2024, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó pàṣẹ pé kí àwọn tó ń ṣe irú ohun èlò báyìí kéde iye àkókò tí wọn yóò fi máa dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn wọ̀nyí. Òfin rere ni, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀. Ohun mẹ́ta ló kù tí àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ fi kún un. Kí olùtajà kéde iye ọdún tí gbogbo iṣẹ́ tó polówó yóò fi wà, kó tó gba owó. Kí onílé lè kọ áàpù tuntun, tàbí kó padà sí ti àtijọ́. Kí sípíkà sì lè máa kọ orin tó wà nínú ilé, bí sáfà tilẹ̀ kú tàbí tí iléeṣẹ́ kógbá sílé.

Ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ olówó lèyí. Tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀, títí kan ẹ̀rọ inverter, ti ń gba àṣẹ láti orí fóònù àti láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe wọ́n. Rédíò tí Yorùbá sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì kì í gba èsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ló ń tan án, òun náà ló ń pa á. Sípíkà ayé òde òní ń gba èsì. Ti ẹni tó tà á ló sì ń kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ní kò ní okùn. Ó ní in. Kí ọlọ́jà ju okùn sílẹ̀.