Ìtàn Ayé Wà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ni Yóò Gbé E Dé Kíláàsì?

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó dìde ní ọjọ́ kan tí ó sé ọ̀nà ìtàn mọ́ ọmọ. Ní sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni wọ́n yọ Ìtàn, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró, kúrò nínú ìlànà ẹ̀kọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti ìpele ìsàlẹ̀ sẹ́kọ́ńdìrì. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní sáà náà lo ọdún 9 gbáko lórí àga, títí di 2018, láìsí wákàtí kan ṣoṣo tí ìlànà náà yà sọ́tọ̀ fún un láti mọ ibi tí ayé ti ń bọ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pariwo, àwọn òbí pariwo, àwọn ìwé ìròyìn náà pariwo. Ní ọdún 2016, ìgbìmọ̀ àwọn olórí ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè pàṣẹ pé kí Ìtàn padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ tún fi ayẹyẹ kéde ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ìtàn padà wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ́ ẹní fún un.

Ẹ wo olùkọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, ìbáà ṣe ní Ṣókótó, ní Kàlàbá tàbí ní Lọ́kọ́ja. Wọ́n ní kí ó kọ́ ọmọ ní ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ àti ìtàn ayé. Ó béèrè ìwé, kò sí. Ó béèrè máàpù, kò sí. Èsì tí àwọn ọ̀gá sì ń fún un ni pé: “Lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ni. Ẹni tí ó bá rán ọmọ lọ sí ọjà tí kò ní ògiri, tí kò fún un lówó, tí kò sì sọ orúkọ ohun tí yóò rà, kò rán ọmọ náà níṣẹ́. Ó lé e jáde nílé ni.

Kí ni olùkọ́ yìí ń bá pàdé lọ́jà náà? Yóò kọ́kọ́ pàdé àwọn òpùrọ́ tí ń pariwo jù lọ, àwọn tí ń fi fíìmù kéékèèké tan ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Yóò pàdé ẹ̀rọ tuntun tí ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn, tí ó lè fi ohùn tútù pe orúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Yóò sì pàdé àwọn ojúlé tí wọ́n pe ara wọn ní ìtàn ayé, bẹ́ẹ̀ Yúróòpù ni ayé tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí, Yúróòpù náà ni ó sì parí sí. Áfíríkà kò yọ níbẹ̀ àfi nígbà tí wọ́n bá fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Yunifásítì Oxford, sọ ọ́ ní gbangba pé Áfíríkà kò ní ìtàn kan tí a lè kọ́ni, bí kò ṣe ìtàn àwọn òyìnbó tí ó wá síbẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà kò fi ẹkún dá a lóhùn, iṣẹ́ ni wọ́n fi dá a lóhùn. Kenneth Dike ti gbé ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní ẹkùn Ọya jáde ní 1956, ó sì ti ṣe agbátẹrù ilé tí ń tọ́jú àwọn ìwé ìjọba. Ní 1964, àjọ UNESCO dá iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní General History of Africa. Ìdìpọ̀ 8 àkọ́kọ́ jáde, àwọn olóòtú wọn sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà: Joseph Ki-Zerbo, Djibril Tamsir Niane, Bethwell Ogot, Adu Boahen, Ali Mazrui àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọmọ Nàìjíríà, J. F. Adé Àjàyí, ni olóòtú ìdìpọ̀ kẹfà. Àwọn ìdìpọ̀ wọ̀nyí wà lórí ojúlé UNESCO lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lè kó wọn sílé láìsan kọ́bọ̀. Ǹjẹ́ àwọn tí ń ná owó ìlú lórí ẹ̀kọ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n ti gbé e dé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà lábẹ́ wọn?

Nítorí náà, kì í ṣe pé ohun rere kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wà, ó sì pọ̀. Àmì mẹ́ta ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Àmì kìn-ín-ní ni pé ohun rere a máa gbé ẹlẹ́rìí jáde. Ojúlé SlaveVoyages kò kàn ń ṣọ̀fọ̀ òwò ẹrú. Ó to ìrìn-àjò ọkọ̀ ojú omi tí ó lé ní 36,000 sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀, èbúté tí ó ti gbéra àti èbúté tí ó gúnlẹ̀ sí. Ìṣirò àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó wà níbẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ ní Áfíríkà, nǹkan bí mílíọ̀nù 10.7 péré ni ó sì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní òdìkejì òkun. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ èkejì kúrò nínú èkíní kò tún ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ìwà burúkú ni òwò náà. Bákan náà ni Digital Benin, tí ó ṣí ní 2022: ó kó àwòrán ohun iṣẹ́ ọnà ìlú Bìní tí ó lé ní 5,000 jọ láti mùsíọ́mù àti ilé ìṣúra 131 ní orílẹ̀-èdè 20, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìkógun ọdún 1897. Níbẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà ti lè rí ohun tí àwọn baba rẹ̀ ṣe, kí ó sì mọ ọwọ́ ẹni tí ó wà.

Àmì kejì ni pé ohun rere a máa mú àwọn ènìyàn ayé jókòó pọ̀. Ẹ mú ọdún 1804. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún náà, àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú ní Háítì kéde òmìnira wọn lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun ọmọ ogun Fáransé. Nínú ọdún náà ni Shehu Usman dan Fodio kúrò ní Degel lọ sí Gudu, tí ìjà tí ó bí ìjọba Ṣókótó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, Napoleon dé adé ní Párìsì. Ìlànà àtijọ́ a máa kọ́ ọmọ ní ẹ̀kẹta, a sì máa gbé èkíní àti èkejì pa mọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá rí ohun èlò tí ó dára, irú èyí tí OER Project ń fi ìtàn ayé sí lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí àkójọ ìwé ẹ̀rí tí Yunifásítì Fordham ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1996, lè to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé: kí ni àwọn ènìyàn ń wá ní ọdún náà tí wọ́n fi dìde ní ibi mẹ́ta tí ó jìnnà síra bẹ́ẹ̀?

Àmì kẹta ni pé ohun rere ṣeé gbé lọ sílé. Ohun tí kò ṣeé tẹ̀ sórí ìwé, tí kò ṣeé pa mọ́ sínú fóònù, tí ó ń béèrè dátà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, kò wúlò púpọ̀ fún kíláàsì tí iná mànàmáná kì í bẹ̀ wò.

Àwọn kan yóò ní: “Kí ni ọmọ wa ń fi ìtàn ayé ṣe? Ìtàn ilé tó.” Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ìtàn ilé gan-an kò sí láìsí ìtàn ayé. Máàpù kan wà ní ilé ìkàwé ìjọba Fáransé ní Párìsì, tí wọ́n yà ní 1375. Lórí rẹ̀ ni ọba Màlì, Mansa Musa, jókòó sí pẹ̀lú adé àti wúrà lọ́wọ́, nítorí pé òkìkí ìrìn-àjò rẹ̀ sí Mẹ́kà ní 1324 ti kan dé Yúróòpù. Máàpù náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti wò. Ìtàn ilé ni àbí ìtàn ayé? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, Alhaji Grunshi, ọmọ ogun ilẹ̀ tí ń jẹ́ Gánà lónìí, ni ó yin ìbọn àkọ́kọ́ láàrin àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ilẹ̀ Tógò ni ó sì ti yìn ín. Ní Ogun Kejì, àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone àti Gáḿbíà jà ní Bọ́mà nínú ẹgbẹ́ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin. Orúkọ àwọn tí kò padà ṣeé wá lórí ojúlé Commonwealth War Graves Commission. Bóyá orúkọ bàbá-ńlá ọmọ kan wà níbẹ̀, tí ọmọ náà kò sì mọ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jáde ròde, ta ni yóò rí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀?

Àwọn mìíràn yóò ní kò sí owó. Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n bá kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣeé dà kọ sórí mẹ́mórì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-ẹ̀kọ́. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Kiwix wà tí ó ń jẹ́ kí odidi Wikipedia ṣeé kà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, kò sì gba owó. Iye tí wọ́n ń ná lórí ayẹyẹ ìkéde kan tó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ìjáfara sì léwu. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣo ni. Ojúlé World Digital Library, tí Library of Congress àti UNESCO ṣí ní 2009, kò dá dúró mọ́ láti 2021. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ sínú ojúlé Library of Congress. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn fọ́ ẹ̀rọ British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ìwé àtijọ́ tí ó wà lórí rẹ̀, títí kan ti Áfíríkà, sì wà ní títì fún ìgbà pípẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun gé nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú láti Nàìjíríà dé Gánà dé Liberia. Ẹni tí ó fi gbogbo ìtàn ọmọ rẹ̀ sí abẹ́ òrùlé alárùlé, níbo ni yóò gbà ní ọjọ́ tí ilẹ̀kùn bá tì?

Nítorí náà, ohun tí ó tọ́ kò ṣòro. Kí ìjọba àpapọ̀ kó àwọn olùkọ́ Ìtàn jọ láti gbogbo ẹkùn orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, kí wọ́n ṣa ohun rere inú íntánẹ́ẹ̀tì bí obìnrin ti í ṣa ẹ̀wà, kí wọ́n sì ju òkúta nù. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó ohun tí wọ́n bá ṣà dé ilé-ẹ̀kọ́ lórí mẹ́mórì, kí wọ́n sì tẹ máàpù àti ìwé ẹ̀rí jáde fún ibi tí kò sí kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n túmọ̀ wọn sí Haúsá, Ìgbò, Yorùbá àti àwọn èdè yòókù, nítorí pé ọmọ a máa fi èdè ìyá rẹ̀ ronú. Kí wọ́n san owó dátà fún olùkọ́, kí ó má ṣe máa yọ ọ́ nínú owó ọbẹ̀ ilé rẹ̀. Kí wọ́n sì ya àwòrán àwọn ìwé tí ó wà ní ilé ìtọ́jú ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, Ẹnúgù àti Kàdúná, kí wọ́n gbé wọn síta, kí ọmọ Nàìjíríà má baà máa lọ tọrọ ìtàn baba rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí gbogbo òbí bi ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò ní ìbéèrè yìí: kí ni ó ti gbé dé kíláàsì? Bí ó bá dáhùn pé gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sọ fún un pé ìbò náà wà níbẹ̀, kí ó lọ wá a.