Ọrùn tó wọ́ yẹn kì í ṣe àfiṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín fídíò "oògùn ọsibítù ló sọ ọ́ di ère" kiri, ẹ dákun ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ wà.

Schizophrenia ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó ń gbọ́ ohùn táwa ò gbọ́. Wọ́n fún un ní haloperidol. Lọ́jọ́ kẹta, ọrùn ẹ̀ wọ́, ojú ẹ̀ yí sókè, kò lè panu dé. Àǹtí wa kan pariwo: "Ẹ ò rí i? Ayé ti ta á lọ́fà!" Bí wọ́n ṣe da oògùn nù nìyẹn. Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀, ó jáde nílé lóru. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ká tó rí i.

Kò sí ọfà kankan ńbẹ̀ o. Kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ dopamine. Lára ẹni tó ní àìsàn yìí, ó máa ń tú jáde jù ní apá ibì kan (òun nìkan kọ́ ni ìṣòro o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀). Nǹkan tí kò kan ẹni náà á wá dà bíi pé tiẹ̀ ni: ìròyìn orí rédíò, òun ni wọ́n ń bá wí. Haloperidol á lọ jókòó sí àyè dopamine, bí ẹni gba síìtì ẹlòmíì nínú dánfó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé dopamine yìí kan náà la fi ń darí iṣan ara. Oògùn ò sì mọ̀yàtọ̀. Ohun tó wọ́ ọrùn nìyẹn, abẹ́rẹ́ sì wà tó ń tú u, kì í pẹ́ rárá.

Ta ló sọ ọ́ fún màámi? Kò sẹ́nì kan! Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, mò ń bá ẹ̀yin náà wí. Ẹ kọ oògùn tán, "ó yá, ẹlòmíì." Ẹ ò sọ ti itọ́ dídà, ẹ ò sọ ti ara tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ò sọ fóbìnrin pé nǹkan oṣù ẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Tó bá wá sá fún oògùn, ẹ óò ní olórí kunkun ni.

Ẹ má sì sọ pé tòyìnbó ni. Asofẹ́yẹjẹ táwọn bàbá wa ń lò fún wèrè, reserpine wà nínú ẹ̀. Dopamine náà ló ń dín kù, òun náà sì lè mú kára le gan.

Ẹ̀gbọ́n mi ń lo olanzapine báyìí. Ó ti sanra, ṣòkòtò ẹ̀ ò gbà á mọ́, inú ń bí i, kò sì jẹ̀bi. À ń bá wọn fà á ní klíníkì kí wọ́n máa wo ṣúgà ẹ̀. Àǹtí yẹn ò tíì bẹ̀bẹ̀.